Bẹ́ẹ̀dì Tó O Kàn fún Wa

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Òdìkejì Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Gbẹ́nàgbẹ́nà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé orúnkún ẹ̀ ti jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ikọ́ tìẹ náà ńkọ́, àbí o ṣì ń fa ìyẹ̀fun pákó símú? Tèmi ò dáa, n ò ní purọ́ fún ọ.

Mo gbọ́ pé ìwọ àti ìyàwó wa fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti máa gba ọmọ tọ́, àti pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní gbọ̀ngàn ló wọ̀ yín lára. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n gbádùn. O mọ̀ pé ọ́fíìsì ọmọdé ò rí alágbàtọ́ mọ́ ládùúgbò wa, àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ń yọ́ kúrò. Wọ́n ní èmi Àlùmọ́gàjí lẹ́nu, kí n wá bá wọn pe èèyàn. Mo sì ya ẹnu sílẹ̀! Mo ní bí ọmọ bá máa kúrò lọ́dọ̀ yín, wọ́n á sọ fún yín ṣáájú, ẹ ó jọ di ẹrù ẹ̀. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí o. Ó kàn wù mí kó rí bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo fi délé, wọ́n ti gbé Eléjí, ọmọ tá a gbà tọ́, lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ni wọ́n rí, ó ní òun á gbà á. N ò bá wọn jà nítorí ìyẹn, ẹbí ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin ọ́fíìsì tó jókòó níwájú mi, tó ń pàtẹ́wọ́, ti mọ̀ pé wọ́n ń gbé e lọ! Mo bi í léèrè. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Tá a bá ti sọ fún yín, ṣé ẹ máa wá sọ̀rọ̀ ni?"

Ìyàwó mi ní nígbà tọ́mọ náà ń wọ bàtà, ó béèrè mi. Ìyàwó mi sọ fún un pé mo lọ sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn. Ọmọ náà ní, "Ẹ ní kí Bàbá Télọ̀ má pẹ́ o, ta ló máa bá wọn ti òwú bọ abẹ́rẹ́?" Òun ló máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ojú mi ti lọ ìsinmi. Ní báyìí, alágbàfọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni mo ń bẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fún mi ní ife tí wọ́n kọ "Ẹ ṣeun" sí lára. Ohun tí wọ́n fi ń dá wa dúró ká má bàa yọ́ kúrò nìyẹn. Wọ́n tún ní ọmọ mìíràn wà nílẹ̀, àti pé kí n tún wá sọ̀rọ̀ ní Sátidé. Mo ní mi ò lọ. N ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni àbí ìkanra lásán.

N ò lè ní kẹ́ ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá débẹ̀, dìde lójú gbogbo èèyàn, kó o bi wọ́n pé ta ló máa pè yín lọ́jọ́ tọ́mọ bá ń lọ. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín sí ọ, máa bọ̀ nílé.

Lánàá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú bẹ́ẹ̀dì kékeré tó o kàn fún wa, kí n lè dá a padà fún ọ. Mo ti tú ẹsẹ̀ kan. Ìyàwó mi gba sípánà lọ́wọ́ mi, ó dè é padà, ó sì tẹ́ aṣọ mímọ́ lé e. Kò dè é dáadáa. Bẹ́ẹ̀dì náà ń mì.

Bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Tó o bá ráyè ṣáájú Sátidé, mú irinṣẹ́ ẹ dání, kó o wá bá wa dè é.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ tí ẹnu ẹ̀ kó bá,
Àlùmọ́gàjí.