Ẹnu Ni Mo Fi Ń Sáré

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Èmi àti Gíga tún sáré lọ sí adágún láàárọ̀ yìí. Gíga ni mò ń pe ọkọ mi nínú ìwé yìí. Lójú rẹ̀, n kì í pè é ní nǹkan kan. Ojú ń tì mí. Mo kàn máa ń wúkọ́ díẹ̀, á sì yíjú sí mi.

A ti ṣèlérí pé bí eré ìje bá dé lóṣù yìí, a ó jọ sá a yí adágún ká, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹnu eré la ti pàdé. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń gbẹnu sọ fún mi.

Àmọ́ lónìí, kí a tó dé afárá onípákó, àyà mi dì. Bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé e.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ó tún ṣe mí. Mo fara ti ògiri ilé ẹ̀rọ omi, mò ń wúkọ́, èémí ò wọlé. Gíga bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó onítìjú! Kí lo tún fẹ́ tọrọ? Sọ ọ́ síta jàre!" Ó rò pé ikọ́ tí mo fi ń pè é ni. Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ti kọjá kọ́nà kó tó mọ̀ pé n kò tẹ̀ lé òun.

Nígbà tí a wọlé, Màmá, ìyá rẹ̀ tí à ń bá gbé, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyàwó tuntun, àìsàn tuntun — ta ló fẹ́ ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

N kò sáré. Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ilé búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló ti wá bá mi lónìí. Mò ń jọ ìyẹ̀fun, eruku rẹ̀ funfun bò mí, àyà mi tì pa. Ọ̀gá ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ohùn wọn bí agogo. Ikọ́ fée ni, wọ́n ní. Wọ́n fún mi ní ike oògùn kékeré kan, a máa ń fín in sẹ́nu. Mo sọ ọ́ ní Búlúù, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa fi aṣọ bo imú níbi ìyẹ̀fun.

Mo rò pé wọ́n á ní kí n jáwọ́ nínú eré. Rárá. Wọ́n ní kí n gbàgbé yíyí adágún ká lọ́dún yìí ná, kí n dé afárá, kí n padà sílé. "Ẹnu ni wàá sì máa fi sáré. Máa sọ̀rọ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá já gaara, máa sáré. Bó bá ń gé, rìn. Bí kò bá fẹ́ jáde mọ́, dúró, fín oògùn."

Mo ní èmi kì í sọ̀rọ̀, pàápàá lójú ọkọ mi.

"Èwo ló wá dáa, kí o sọ̀rọ̀ lójú ọkọ, àbí kí o tijú kú?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo sọ fún Gíga. Àwo ni mò ń fọ̀, mo kẹ̀yìn sí i, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé sọ. Ó wá ní, "Ọjọ́ yẹn, lẹ́bàá ògiri..." Kò parí ẹ̀. Ó fọwọ́ di orí mú.

Ó ní ikọ́ ò gbọ́dọ̀ pe òun mọ́ láéláé. Orúkọ òun ni kí n máa pè.

Orúkọ? Lójú Màmá? Kí ilẹ̀ lanu.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

A sáré, mo sọ̀rọ̀. "Igi. Ewúrẹ́. Igi míì." Gíga rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó ní ṣé mò ń polówó wọn ni? Nígbà tó yá mò ń ròyìn ọ̀gá mi fún un, gbólóhùn gùn, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Ó gé, a rìn. A dé afárá.

Orúkọ ò tíì jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ọ̀la ni eré ìje. Àpò ṣòkòtò mi ò ní bọ́tìnnì, Gíga ló máa gbé Búlúù. Oorun kọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Èrò pọ̀ bí eṣú. Eruku. Afárá ti hàn lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí àwọn kan já wọ àárín wa, wọ́n gbá Gíga síwájú. Ojú ẹsẹ̀ ni àyà mi dì. Búlúù wà lápò rẹ̀.

Mo wúkọ́. Àṣà burúkú! Ta ni ò wúkọ́ nínú eruku yẹn? Ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ. Èémí tó kù ò ju ti ọ̀rọ̀ kan lọ.

Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo lọgun ẹ̀.

Ó yí padà, ó ń la àárín èrò bọ̀ bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́ lòdì sí odò, wọ́n ń bú u, "Ṣé o ya wèrè ni?" Ó fi Búlúù sí mi lẹ́nu. A jókòó sínú koríko títí àyà fi tú.

Mo ní kó máa lọ, kó bá mi sá tèmi mọ́ tirẹ̀. Ó ní afárá la jọ ń lọ. A rìn débẹ̀, mo fọwọ́ kan pákó rẹ̀.

Àfi bí mo ṣe rí Màmá lẹ́yìn okùn àwọn òǹwòran. Wọ́n ti gbọ́. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n dì mí lápá mú.

"Ìwọ lo pe ọmọ mi bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Mo wolẹ̀.

"Èmi tí mo sọ ọ́ lórúkọ, kò fi irú eré yẹn dá mi lóhùn rí. Máa pè é lọ, jàre."

N kò lè fèsì. Gíga bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ẹnu mi, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Ó bi mí, ṣé èémí ni, àbí ìtìjú?

"Ìtìjú ni."

Ó já gaara.