Èéfín Ẹ̀rọ Mi àti Ìgbín Òkun Rẹ

Ẹ̀bá omi, Bàrígà, Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2005.

Mojíbọ́lá, Àyọ̀ká ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, nítorí mi ò mọ kíkí mìíràn tó yẹ ẹni tó ń gbé níbi tí omi ti ń di òkúta. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun? Èyí èkejì yẹn ni kí o kọ́kọ́ dáhùn. Olúwa tó mú mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ṣòkòtò kan ṣoṣo, tó wá sọ mí di ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí ní Bàrígà, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ lójú agbami. Àmín. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n sọ pé òun kí ọ lọ́tọ̀, kí n má ṣe pa á pọ̀ mọ́ tèmi.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n àwọn tó ka mẹ́wàá ń bẹ lábẹ́ mi tí wọ́n ń bá mi ṣiṣẹ́. Mo ti kọ́kọ́ pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo sá fóònù náà sóòrùn ná kí ó gbóná dáadáa, torí pé ọ̀nà òtútù ló ń lọ, síbẹ̀ kò wọlé. Ìyá rẹ ní oòrùn kọ́ ló ń gbé fóònù dé ilẹ̀ Nọ́wè tí o wà. Mo ní kí ló wá ń gbé e? Kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́tà rẹ dé, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi kà á. O ní àwọn ìgbín kan wà nínú òkun òtútù tí ẹ máa ń ka iye wọn nínú ọkọ̀ ojú omi ìwádìí yín, wọn ò tó hóró ìrẹsì, ìkarahun wọn sì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. O ní omi òkun yẹn ti ń kan díẹ̀díẹ̀, kíkan ọ̀hún ló sì ń jẹ ìkarahun mọ́ wọn lára nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. O ní ẹja ló ń jẹ wọ́n, àwọn ẹja ńlá ń jẹ àwọn yẹn, bí àwọn kéékèèké yìí bá tán, ebi ló máa pa gbogbo wọn. Gbogbo èyí yé mi. Ọ̀rọ̀ ìkarahun ni, ta ló sì fẹ́ kọ́ mi ní ìkarahun? Láti Ọbanikoro dé Ṣómólú, adìyẹ tó bá yé ẹyin tí èèpo rẹ̀ le, ìkarahun ìṣáwùrú tí èmi fi ẹ̀rọ lọ̀ ló jẹ.

Gbólóhùn kan ló wà nísàlẹ̀ tí kò dùn mọ́ mi nínú. O ní, Bàbá, mò ń ka ohun tó ń kú, mi ò lè ṣe nǹkan kan sí i, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń ṣe níbí mọ́, oúnjẹ ò sì wù mí jẹ. Mojíbọ́lá, láti ọjọ́ tí a ti bí ọ, kò tíì sí ohun tó bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ tí èmi ò tún ṣe. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ kán, èmi ni mo pọ̀n ọ́ láti ẹ̀bá omi dé ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì. Mo ní èyí náà á ṣeé tún ṣe.

Mo bá mú ìkarahun ńlá tó wà lójú fèrèsé yàrá rẹ, èyí tí o máa ń gbé sétí ní kékeré tí o máa ń ní òkun ń bá ọ sọ̀rọ̀. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ kún abọ́, mo gbé e sínú rẹ̀, kí n lè kọ̀wé sí ọ pé ìkarahun Bàrígà kì í ṣe ẹgbẹ́ ti òyìnbó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo pe ìyá rẹ, mo ní wá wò ó, ó ń bá ọsàn jà. Ojoojúmọ́ ni mò ń pààrọ̀ ọsàn. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ilà ẹ̀yìn rẹ̀ ti parẹ́. Lọ́jọ́ kẹfà mo ki ìka bọ inú rẹ̀, mo ń rí ìka mi láti ìta. Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ṣàn án, ó fi àdí pa á bí ẹni ń para fún ọmọ ọwọ́, ó gbé e padà sójú fèrèsé. Mo gbé e sétí lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n etí mi náà ti darúgbó.

Síbẹ̀ mi ò tíì túúbá. Mo tọ́ omi ọsàn tó kù nínú abọ́ wò, kò kan mọ́! Ọgbọ́n dé. Mo ní bí omi yín bá ń wá ìkarahun jẹ, ẹ fún un ní òkú ìkarahun kó jẹ yó, kó fi àwọn alààyè sílẹ̀. Mo di àpò ìkarahun lílọ̀ méjì, èyí tó kúnná jù, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ ẹni tó máa gbà á, mo kọ Òkun Nọ́wè. Níbi tí wọ́n ti béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ̀, mo kọ tìrẹ. Ọmọbìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù, Ìbíyẹmí lorúkọ rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, mo sì fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó ní, Bàbá, ẹ má bínú, àpò mélòó lẹ rò pé ó máa tó òkun? Mo ní àgbàlá mi kún. Ó ní, Bàbá, kí ni àgbàlá yín níwájú òkun? Mo gbé àpò mi padà sílé.

Ràsákì tó máa ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ni mo bá nílé. Mo rò ó fún un. Ó ní, Alàgbà, ta ló tilẹ̀ ń da kíkan sínú omi ọ̀hún? Mo ní Mojíbọ́lá kọ ọ́ síbẹ̀, èéfín ni, èéfín ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ, ó ní òkun ló ń mu ún, omi tútù ló sì ń mu ún jù. Mo ti ka ibẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, mo rò pé èéfín àwọn òyìnbó lò ń wí. Ràsákì gbójú sókè wo sàlẹ́ńsà ẹ̀rọ wa, níbi tí èéfín ń gbà jáde. Ó ń rú lọ́wọ́.

Àyọ̀ká, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún. Ọdún méjìlélógún ni ẹ̀rọ yẹn ti ń rú èéfín. Òun ló ra bàtà iléèwé rẹ, òun ló sanwó yunifásítì, òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gbé ọ lọ síbi tí o ti ń ka òkú ìgbín.

Mo pa ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kejì. Ariwo rẹ̀ tí kò sí mú kí àwọn aládùúgbò máa wọlé wá kí wa, wọ́n rò pé mo ti kú. Àwọn obìnrin tó ń bá mi fọ ìkarahun ìṣáwùrú kí n tó lọ̀ ọ́ jókòó, wọ́n káwọ́ gbera. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá rẹ ní, Bàbá Mojí, ẹ tan ẹ̀rọ yìí, kí làwọn wọ̀nyí máa fún ọmọ jẹ? Mo tan án. Ràsákì ní ẹ̀rọ oníná wà tí kì í rú èéfín. Mo ní ká rà á kíá, ṣebí èmi lówó. Ó ní ṣùgbọ́n láti ìgbà tí sójà ti lọ tí alágbádá sì ti ṣèlérí iná, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Nẹ́pà ń mú un wá ní àdúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ la máa fi gbé e. Èéfín kan náà ni, ẹ̀yìnkùlé ló kàn máa kó lọ. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tún rí ọgbọ́n mìíràn dá, mi ò sì sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ níparí oṣù, má fi tèmi ránṣẹ́, fi ra oúnjẹ kí o sì jẹ ẹ́. Ìyá rẹ ní kí o fi ti òun ránṣẹ́ ṣá o, òrùlé ilé ìdáná ń jò. Ohun tí èmi ń tọrọ ni pé nígbà tí o bá tún bu omi yẹn, wò ó dáadáa bóyá èéfín tèmi wà níbẹ̀. Wàá dá a mọ̀, ó máa ń dúdú níbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń rùn bí ìṣáwùrú. Bí o bá rí i, kọ ọ́ sí mi, má bò mí láṣìírí. Bí o ò bá rí i, wá sílé wá sọ ọ́ lójú mi, torí mi ò ní gba ìwé gbọ́.

Ilé á gbà ọ́ tayọ̀tayọ̀. Kí Olúwa má jẹ́ kí ohun tí mo fi tọ́ ọ pa ohun tí ìwọ ń tọ́jú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkànbí Oníkarahun.