Iná Tí Kò Mọ̀ Pé Bàbá Rẹ Wà Nínú Yàrá

Àkọ́bí mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ikọ́ tó ń ṣe àbíkẹ́yìn rẹ ńkọ́? Ọlọ́run tí kì í sùn yóò máa ṣọ́ ilé yín, àìsàn ò ní mọ àdírẹ́sì yín, àmín. Àwa náà wà níbí. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, káfíńtà wá, ó tún ìdajì rẹ̀ ṣe, ó ní òun ń lọ ra ìṣó, a ò tíì rí i títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Bàbá rẹ ṣì wà lórí ibùsùn, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò tíì gbéra láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti kọlù ú, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì pé.

Ọ̀rọ̀ iná tí o ní kí wọ́n wá fi sílé wa ló jẹ́ kí n mú bírò. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí bàbá rẹ ò lè rìn ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń rìn. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

A dúpẹ́ o. Iná náà mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Oníṣẹ́ iná tí o rán sí wa, ọmọlúàbí ni, ó bọ́ bàtà kó tó wọlé. Ó yọ gbogbo súwíìṣì ara ògiri, ó fi ojú funfun kékeré kan sí àjà yàrá kọ̀ọ̀kan, ó ní ojú yẹn ni yóò máa wò wá. Ó ní ìwọ lo ní kí òun tò ó báyìí kí iná má baà máa ṣòfò: bí ènìyàn bá wọ yàrá, á tàn, bí kò bá sí ènìyàn mọ́, á pa ara rẹ̀, àti pé láti orí fóònù rẹ lọ́hùn-ún lo ti lè yí i padà. Mo kí ojú náà kú iṣẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má máa wò mí tí mo bá ń pààrọ̀ aṣọ.

Wàhálà wá dé. Bí mo bá ti fún bàbá rẹ lóúnjẹ tán, tí mo jáde lọ fọ abọ́, kì í pẹ́ tí iná fi ń kú mọ́ ọn lójú. Láti ìgbà tí aládùúgbò wa ti mọ ògiri gíga dí fèrèsé yàrá bàbá rẹ, ọ̀sán ò yàtọ̀ sí òru níbẹ̀. Mo tan àtùpà, èéfín rẹ̀ mú un húkọ́, mo pa á. Mo rò pé ìwọ lò ń pa iná láti ọ̀hún, torí o ti pẹ́ tí o ti ń pariwo pé a máa ń fi iná ṣòfò. Mo dúró sábẹ́ ojú yẹn, mo ń juwọ́, mo ń bẹ̀ ọ́, mo ní má bínú, bàbá rẹ ló ń lò ó, kì í ṣe èmi. Iná sì tàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà, mo rò pé o gbọ́.

Àbúrò bàbá rẹ obìnrin, Má-dákẹ́, ní òun á wá máa jókòó tì í. O mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó jókòó, ó ń rojọ́ àná àti ti èṣín, iná kú mọ́ àwọn méjèèjì lójú. Ó bínú, ó ní ṣé òun náà ò sí láyé mọ́ ni? Kò padà wá. Ìgbà náà ni mo rí i pé iná yìí ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń mira nìkan ló mọ̀.

Ni mo bá so ewúrẹ́ wa mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn. Má rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ kì í dúró jẹ́ẹ́, iná sì ń tàn, inú mi dùn, mo lọ pọnmi. Ìgbà tí mo dé, ó ti jẹ etí aṣọ ìbora, bàbá rẹ sì kọjú sí ògiri. Ó ní ṣé mo rí i báyìí, wọ́n ti ka ewúrẹ́ mọ́ onílé, wọn ò ka òun. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹ̀rín rín, ọmọ mi. Mo tú ewúrẹ́ sílẹ̀.

Lánàá, mo wọlé bá a nínú òkùnkùn, iná tàn, mo rí omi lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò juwọ́ òsì. Ó ní òun ti ń jù ú láti ọjọ́ yìí, ó ti rẹ òun, òun ò lè máa juwọ́ kí wọ́n tó gbà pé òun wà nínú ilé tí òun fọwọ́ ara òun kọ́. Ó ní bí iná bá ti kú, òun a máa fetí sí èémí òun, kí òun lè mọ̀ bóyá òun ṣì wà. Ó wá bi mí bóyá ìwọ lo sọ fún wọn pé yàrá òun ti ṣófo. Mo ní rárá, mo fi ọmú tí o mu búra. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, torí mi ò mọ ohun tí o sọ fún wọn.

Jọ̀ọ́, bí fóònù rẹ bá ní ọ̀gá, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó fi bàbá rẹ kún àwọn tó wà nílé. Bí iná náà bá máa ṣòfò, kó ṣòfò. Bàbá rẹ ò ní pẹ́ lò ó mọ́.

Mo fẹ́ tọrọ owó bí ìṣe mi, owó aṣọ ìbora àti owó ìṣó káfíńtà. Mo tún un rò, mo ní kí o má fi ránṣẹ́. Fi wọkọ̀ wá. Wá rìn díẹ̀ nínú yàrá yẹn.

Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ibi tí o bá sì dùbúlẹ̀ sí, àwọn ọmọ rẹ á mọ̀ pé o wà níbẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Mo bi bàbá rẹ bóyá ó ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi parí ìwé yìí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun wà níbí.