Nítorí Ọkọ Rẹ Tí Ó Ń Dún Kò-kò-kò

Ìgbájọ,
Ọjọ́ Ajé.

Ayọ̀fẹ́mi Àjọkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Port Harcourt? Olúwa kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí etí mi kò fẹ́ gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbọ́ ọ ná. Àwa ń bẹ, orúnkún mi wà bó ṣe wà, ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, ṣùgbọ́n ayọ̀ rẹ̀ kò wọ̀ mí lára látìgbà tí ìwé orí fóònù rẹ ti dé.

Gafar tó ń bá wa ṣájì fóònù ló kà á fún mi. O ní, "Oko mi n dun ko-ko-ko." Kò sí àmì kankan lórí ọ̀rọ̀ náà, Gafar ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ oko ni, ìwọ kò ní oko lọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ni, ìgbà wo lo ra ọkọ̀ tí o kò sọ fún ìyá rẹ? Ọkọ ló kù. Yéè, Ilésanmí ọmọlúàbí.

O ní bó bá ti kó sí kòtò lọ́nà Elekahia ni abẹ́ rẹ̀ máa ń dún. Kí ló ń wá nínú kòtò? O ní bó bá ń sáré, iwájú rẹ̀ a máa gbọ̀n, a sì máa fà sí apá òsì. Àgbàlagbà tó ti bímọ méjì, kí ló ń sáré sí? O tún ní ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì ti jẹ lápá kan. Ọmọ mi, ẹsẹ̀ méjì péré ni mo rí lára rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èwo ni ti iwájú, èwo ni ti ẹ̀yìn?

O ní Tonye wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó ní búṣìn rẹ̀ ló ti jẹ. Gafar ní búṣì ni òyìnbó ń pe igbó, nítorí náà nǹkan igbó ló jẹ. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí ẹ yé jẹ gbogbo ẹran tí wọ́n bá ń tà létí títì. Ṣùgbọ́n irú dókítà wo ni Tonye yìí, tó ń wọ abẹ́ ọkọ ọlọ́kọ? Mo pe fóònù Ilésanmí, obìnrin kan ló gbé e, èèbó ló ń sọ. Mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n bá àna mi sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló kàn ń tún sọ. Àyà mi já. Bóyá òun ni Tonye.

Èyí tó wá pa mí jù ni ìgbẹ̀yìn ìwé rẹ, pé bí àtúnṣe rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, wàá tà á, wàá fowó kún un, wàá ra òmíràn tó lágbára. Ayọ̀fẹ́mi, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn? Mo figbe ta, ìyá Ilésanmí sì gbọ́, torí ilé wọn kò jìnnà sí wa. Ó ní òun ń bọ̀ wá mú ọmọ òun kí oníbàárà tó ná an.

Bí ìyá ọkọ rẹ bá ń padà bọ̀, jọ̀ọ́ fi owó mọ́tò rán an sí mi, kí èmi náà lè wá. Òun náà ni mo fi ìwé yìí rán, n ó sì fi ẹ̀kọ lẹ ẹnu àpò ìwé náà pa. Bí o ṣe ń kà á yìí, iwájú rẹ ló jókòó sí, ojú rẹ ló ń wò. Olúwa yóò bò ọ́ láṣìírí, ilé rẹ kò ní tú. Má jẹ́ kí ojú rẹ yí padà. Bí o bá ti tà á, rẹ́rìn-ín, kí o ní ibi iṣẹ́ ló lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dọ̀kásì.