Bíréèkì Tí Mo Ní Ó Wà Nínú Ẹ́ńjìnnì

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún mi, mo ti gbọ́ ìwàásù tó. Pátì mọ́tò tòkúnbọ̀ ni mo ń tà ní Atakpamé níbí, èmi àti bàbá mi la jọ ni ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ kó jìyà. Mi ò ní kó kú o, ìyà ni mo ní kó jẹ, àmọ́ ó ń dà bíi pé ikú ló máa já sí báyìí, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Àfẹ́sọ́nà mi ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá kan ilẹ̀kùn nílé wa láti tọrọ mi, bàbá mi ti mu ọtí wọn. Ó ra mọ́tò eré ìje àtijọ́ kan, onílẹ̀kùn méjì, tó ti ń jẹrà lábẹ́ igi máńgòrò ní Datcha, ó ní òun á sọ ọ́ di tuntun ká fi ṣe ìgbéyàwó wa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, gíá rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ó ní òun fẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá, òun fẹ́ gíá tó ń yí fúnra rẹ̀, kí òun lè máa fi ọwọ́ kan wakọ̀, kí òun máa fi ìkejì juwọ́ sí èèyàn. Ta ló wá wọn kiri? Èmi ni. Mo lọ sí Lomé, mo tú òkìtì irin títí ọwọ́ mi fi bó, mo rí èyí tó bá mọ́tò náà mu... Ọjọ́ Sunday kan, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà ń kéde àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, mo gbọ́ orúkọ rẹ̀, mo ti ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé surprise ni. Orúkọ tó tẹ̀ lé e kì í ṣe tèmi. Ọmọbìnrin kan láti Moretan ni. Gbogbo ìjókòó yíjú wò mí, mo sì ń rẹ́rìn-ín lọ, torí mi ò mọ bí mo ṣe máa pa ẹnu dé.

Kò wá bẹ̀ mí. Nígbà tó máa wá, ọjà ló wá rà. Mẹ́káníìkì tó gbé ẹ́ńjìnnì àti gíá náà sínú mọ́tò ló ní kó lọ ra bíréèkì ńlá, pé agbára mọ́tò ti ju bíréèkì àtijọ́ lọ. Ó dúró níwájú mi, ó ń pè mí ní arábìnrin òun, ó ní mẹ́káníìkì fẹ́ rẹ́ òun jẹ ni, pé ṣebí ẹ́ńjìnnì ní frein moteur tirẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ṣe tóbi sí ni frein moteur rẹ̀ á ṣe tóbi sí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀, àwọn awakọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wa ló máa ń sọ frein moteur. Kì í ṣe irin kankan. Kéèyàn fi mọ́tò sí gíá kékeré ni, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fà á sẹ́yìn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ó rò pé bíréèkì kan ni wọ́n rọ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Gíá tuntun yẹn kì í tiẹ̀ fa mọ́tò sẹ́yìn bíi ti àtijọ́. Mo mọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú ẹ́ńjìnnì, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Inú mi dùn dẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó lọ gba mọ́tò, ó parọ́ fún mẹ́káníìkì pé mo ti bá òun wá ẹlòmíì tó máa ṣe bíréèkì.

Ohun tí mo rò ni pé á kọ lu ògiri ẹnìkan, imú mọ́tò á run, ìlú á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tí mo rò ó dé nìyẹn. Àmọ́ Sátidé yìí ni ìgbéyàwó, orí òkè ni ṣọ́ọ̀ṣì wà, ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà sì làwọn oníṣu máa ń jókòó sí... Lánàá, ọmọbìnrin Moretan yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ń pè mí ní Davi, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbí, ó ní wọ́n sọ fún òun pé èmi ni mo bá àwọn wá ẹ́ńjìnnì, òun wá dúpẹ́. Ó gbé adìyẹ wá. Kò mọ nǹkankan. Mo gba adìyẹ náà, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo bá sọ fún ọkùnrin náà, á ní ìjowú ni, á tún tẹ mọ́tò sí i. Bí mo bá sọ fún mẹ́káníìkì, gbogbo Atakpamé á gbọ́ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ó ku ọmọbìnrin yẹn. Á bi mí báwo ni mo ṣe mọ̀, màá sì ní láti rò fún un látọjọ́ tí wọ́n ti kan ilẹ̀kùn wa. Bóyá kò tiẹ̀ ní fẹ́ ẹ mọ́... Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mo ti ń kọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́, mo sì rí i pé kì í ṣe torí ẹ̀mí rẹ̀, ojú tó máa fi wo ọkùnrin yẹn ló ń wù mí. Ṣé kí n lọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó tìtorí ẹ̀san gba ẹ̀mí là, ṣé ó ṣì gba ẹ̀mí là? Ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé.