Fíìmù Kérésì Tí Wọ́n Tún Ṣe, àti Apààyàn Tó Wá Ra Dòdò

Fọláṣẹwà Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú èrò. Ṣé ara rẹ le, ṣé ọrùn kò dùn ọ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó kò ní fi ọ́ sílẹ̀ fún Èkó. Àwa náà wà ní Àpòmù níbí, kòkó so díẹ̀ lọ́dún yìí, orúnkún bàbá rẹ nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí fóònù kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ọ báyìí, obìnrin inú rẹ̀ á ti ní owó mi ti tán, mi ò sì mọ ẹni tó sọ fún un.

A ti rí fíìmù rẹ. Ìyá Khalid aládùúgbò wa ló pè wá sí pálọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo wọ léèsì tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí mo rò pé bí a ṣe ń rí ọ ni ìwọ náà máa rí wa. Ọmọ mi, kí ni mo rí yìí? Ọkùnrin kan wọ aṣọ pupa Bàbá Kérésì, ó fi òwú ṣe irùngbọ̀n, ó gbé àpò dání, dípò kó mú bisikíìtì jáde nínú àpò, àdá ló mú jáde! Ìyá Khalid ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní fíìmù àtijọ́ ni, wọ́n kàn tún un ṣe ni. Mo ní wọ́n tún kí ni ṣe? Èmi àti bàbá rẹ wo ti àtijọ́ yẹn nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ẹni méjì péré ló kú níbẹ̀, ọ̀kan sì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n tún ṣe yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo ilé tán. Bí mo bá gbé ìkòkò tó ń jò fún alágbẹ̀dẹ kó tún un ṣe, tó wá dá ihò sí i lára sí i, ṣé mo máa sanwó fún un?

Nígbà tí o sá sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo pariwo pé Fọláṣẹwà, má jáde o! O jáde. Àti kékeré lo ti ń ṣorí kunkun. Ó gé ọ lọ́rùn. Bàbá rẹ dìde, wọ́n dé fìlà, wọ́n ní àgọ́ ọlọ́pàá ni àwọn ń lọ. Ìyá Khalid ló yára pè ọ́ lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o yí ọrùn rẹ sọ́tùn-ún sósì. Mo gbà pé omi ṣúgà tí wọ́n pa láró ni ẹ̀jẹ̀ yẹn, bí o ṣe sọ. Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé gan-an rèé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí Ìkirè, mo dúró létí títì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta dòdò, ni ọkọ̀ kan bá dúró, ni ọkùnrin gíga kan bá sọ̀kalẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun di dòdò. Mo wo ojú, mo wo imú, mo wo èjí ẹnu rẹ̀. Òun ni! Mo fa aṣọ rẹ̀ mú, mo ní, “Apààyàn rèé o! Ẹ gbà mí, òun ló pa ọmọ mi lọ́jọ́ Kérésì!”

Àwọn èèyàn sáré dé. Dípò kí wọ́n mú un, fóònù ni wọ́n ń yọ, wọ́n ń dúró tì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fọ́tò. Mo ní ó dáa, ẹ ya á dáadáa, kí ọlọ́pàá lè rí ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní, “Ẹ dákun mà, ṣé ẹ̀yin ni Màmá Fọláṣẹwà? Ọ̀dọ̀ yín ní Àpòmù ni mò ń bọ̀.” Mo ní ó ti pa ọmọ, ó wá kan ìyá. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku tòun ti dòdò lọ́wọ́, ó ní Ọláníyì lorúkọ òun, òun fẹ́ fi ọ́ ṣaya, o ò sì mọ̀ pé òun ń bọ̀.

Fọláṣẹwà, ẹni tó gé ọ lọ́rùn!

Mo bá a wọ ọkọ̀ dé ilé, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mo di ọmọrogùn tuntun tí mo rà mú gírígírí. Bàbá rẹ wò ó láti òkè délẹ̀. Wọ́n lọ mú àkùkọ wa, wọ́n fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ, wọ́n ní, “Òun la máa fi ṣe ọ́ lálejò. Pa á, ká rí ọ.” Ọmọ mi, ọwọ́ tó ń ju àdá nínú fíìmù, ṣe ló ń gbọ̀n. Ó dijú. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ń wò mí.” Àkùkọ já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fò lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Khalid. Èmi ni mo lọ mú un, èmi ni mo sì pa á, ọkọ rẹ fọwọ́ bojú lẹ́yìn ilé ìdáná. Ṣé o rí i, mo ti pè é ní ọkọ rẹ.

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní àwọn gbà, àmọ́ bí wọ́n bá máa tún fíìmù yẹn ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ìwọ ni kí wọ́n gbé àdá fún. Ọláníyì ní òun á bá ọ̀gá wọn sọ ọ́. Ó jẹ ẹran àkùkọ náà dáadáa ṣá, ìyẹn kò bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ìwọ ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ràn rẹ̀? Àwa lè gbà, ìwọ lo máa bá a gbé, nítorí náà fèsì kíá.

Bí o bá ń fèsì, fi owó gíláàsì ojú bàbá rẹ ránṣẹ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ọ kedere nígbà tí o bá ń gbẹ̀san. Má fi sínú àkáǹtì mi o. Mo dé báǹkì, wọ́n ní ó ti sùn. Mo ní kí wọ́n jí i, wọ́n ní àfi kí n mú fọ́tò wá. Ohun tó ń sùn, báwo ló ṣe máa wo fọ́tò? Fi ránṣẹ́ sí ti Ìyá Khalid, tirẹ̀ kì í sùn.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Ilé ọkọ á tù ọ́ lára. Ìwọ lo máa sin èmi àti bàbá rẹ, àwa kò ní sin ọ́, ìbáà ṣe ní Àpòmù, ìbáà ṣe nínú fíìmù. Àmín.

Èmi ni,
Màmá rẹ.