Níbi tí Birthe Mú Bàbá Lọ ní Kopenhagen

Oslo,
Oṣù Kẹfà.

Vidar, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo sì kí òtútù tí kò tíì fẹ́ fi Tromsø sílẹ̀. Mo lérò pé ikọ́ rẹ ti lọ, pé ara ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ le. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ lórí fóònù, níbi tí wàá ti máa já lu ọ̀rọ̀ mi.

O rántí Birthe, obìnrin ará Denmark tó ń bá Bàbá kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti ju orin lọ báyìí. Bàbá lọ ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun fúnra rẹ̀, Bàbá tó jẹ́ pé Màmá ló ń ra ṣẹ́ẹ̀tì fún un títí ọlọ́jọ́ fi dé! Kò pẹ́ ni mo gbọ́ pé àwọn méjèèjì ti gba ààyè nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Kopenhagen. Ìwọ náà mọ ohun tí àwọn kan ń lọ ṣe níbẹ̀: wọ́n á ní ìgbádùn làwọn bá lọ, wọ́n á yà sí gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n á ṣègbéyàwó níbi tí ọmọ kankan ò ti ní bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n fẹ́ fẹ́ ara wọn lẹ́yìn wa. Kíá ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi náà.

Inú Bàbá ò dùn nígbà tó rí mi nínú ọkọ̀. Ó ní, "Torunn, ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?" Birthe ní tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó bá wa lọ jàre. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá màá ti bàbá ẹ̀ sínú òkun ni." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ẹni tó bá tètè fi ara rẹ̀ ṣàwàdà, ó yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún un.

Nígbà tá a gúnlẹ̀ láàárọ̀, Bàbá ní kí n lọ wo àwọn ìsọ̀, pé àwọn méjèèjì fẹ́ dá rìn díẹ̀. Dá rìn kẹ̀! Mo ní ó dáa, mo jẹ́ kí wọ́n ṣíwájú, mo sì tẹ̀ lé wọn. Birthe gbé àpò kan dání, orí òdòdó yọ níbẹ̀. Wọ́n kọjá lára ère màmíwọtà létí omi, níbi tí àwọn àlejò ti ń ya fọ́tò, wọn ò tiẹ̀ wò ó. Bàbá tí orúnkún kì í jẹ́ kó gbádùn nílé ń rìn bí ọmọ ogun. Ẹ̀yìn wọn nìkan ni mo tẹjú mọ́, àfi bí ẹnì kan ṣe lu agogo kẹ̀kẹ́ lé mi lórí: "Ìyá, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lẹ dúró sí yìí o, kì í ṣe pálọ̀ yín!"

Nígbà tí wọ́n dé iwájú gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n dúró, Birthe sì bá Bàbá tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Mo ti ń sáré bọ̀, mo ti to èébú jọ sẹ́nu, kí n tó rí i pé wọ́n kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, wọ́n lọ sídìí ọmọlanke ẹni tó ń ta sọ́séèjì pupa. Ìdúró ni wọ́n ti jẹ ẹ́. Bàbá da ọbẹ̀ tòmátì sára ṣẹ́ẹ̀tì, Birthe fi ìka nù ún, ó sì lá ìka náà. Màmá ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Láti ibẹ̀ wọ́n gba orí afárá ńlá, wọ́n wọ ibì kan tó ní ògiri gígùn aláwọ̀ ìyeyè. Itẹ́ òkú ni. Vidar, kó o rí àwọn ará Denmark! Ẹlòmíì sùn gbalaja sínú oòrùn, ẹlòmíì ń mu bíà láàárín àwọn òkúta ibojì. Nílé lọ́dọ̀ wa, a ó tan àbẹ́là, a ó fa koríko, a ó sì rọra máa lọ. Birthe tẹ́ aṣọ síwájú ibojì kan, ó to òdòdó síbẹ̀, ó gbé búrẹ́dì àti kọfí jáde. Inú bí mi gidigidi. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn igi.

Ni obìnrin náà bá ń bá òkúta sọ̀rọ̀. "Preben, ọkọ mi, mo ti dé o. Asbjørn tí mo sọ fún ẹ nìyí. Etí rẹ̀ di bíi tìẹ, ó sì lágídí jù ẹ́ lọ. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo ní kó o kọ́kọ́ rí i ná, kí n tó dá a lóhùn." Bàbá ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ kú ilé o, Preben. Mi ò wá gba ipò yín." Birthe bu kọfí sínú ife. Láì bojú wẹ̀yìn, Birthe ní, "Torunn, jáde lẹ́yìn igi yẹn, kọfí ń tutù. Láti etí òkun la ti ń rí ẹ." Bàbá ní, "Èmi ni mo ní ká jẹ́ kó máa bọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti nasẹ̀."

Ojú tì mí, mo jókòó, mo mu kọfí. Síbẹ̀, ara ń fu mí. Tí wọ́n bá ti mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, ṣé òkú ni obìnrin yìí ń bá sọ̀rọ̀ ni, àbí èmi? Mo ń rò ó títí a fi padà sínú ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti wá bá mi lóun nìkan. Ó ní, "Birthe ti bi ọkọ ẹ̀ léèrè. Èmi náà gbọ́dọ̀ bi Ragnhild ìyàwó mi. Mo fẹ́ mú Birthe lọ síbi ibojì ìyá yín lọ́jọ́ ìbí ẹ̀. Tí ìwọ tàbí Vidar bá ní rárá, mi ò ní lọ, mi ò sì ní fẹ́ ẹ." Mo wá ẹ̀tàn lójú rẹ̀, ẹ̀rù ni mo rí. Rárá ti wà lẹ́nu mi. Mo bi í pé, "Bàbá, kí lẹ máa sọ fún Màmá?"

Ó ní, "Màá sọ fún un pé ilé ti dákẹ́ jù."

Mi ò lè sọ rárá mọ́, Vidar. Mi ò tíì fọkàn tán obìnrin náà, mi ò sì mọ̀ bóyá màá fọkàn tán an láé, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́. Ó kù sọ́wọ́ rẹ.

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́ fún wa, kó má jẹ̀ẹ́ kí ilé tìrẹ dákẹ́. Bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Torunn

Mo gbàgbé: tó bá jẹ́ rárá ni tìrẹ, má kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Pe Bàbá, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Mi ò ní lè bá ọ jẹ́ iṣẹ́ yẹn.